Ẹ Bi Wá: Ṣé Àwọ̀ Ewéko Lè Mú Kí Sólà Gbé Iná Sí I?

Lẹ́tà mẹ́ta ni a yàn lóṣù yìí, ọ̀kan láti Ṣábẹ̀ẹ́, ọ̀kan láti Àjàṣẹ́, ìkẹta láti Kétu. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn dá lé, ìyẹn ni àwọ̀ tí a ń rí lára ewé àti òdòdó, àti bí ó ṣe lè ran iná oòrùn lọ́wọ́.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Wàgáṣì, ìyẹn wàrà, ni mo ń tà ní Ṣábẹ̀ẹ́, pòròpòrò ọkà bàbà ni mo sì fi ń sè é títí yóò fi pọ́n. Ọmọ mi tí ó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì dé láti ilé-ìwé, ó ní olùkọ́ àwọn sọ pé irú omi pupa yìí ni àwọn òyìnbó fi ń gba iná lára oòrùn. A ní pátákó sólà kan lórí òrùlé, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ kì í pẹ́ lálẹ́ kí ó tó kú. Bí mo bá fi omi pòròpòrò kun ojú rẹ̀, ṣé kò ní gbé iná sí i? — Ìyá Oníwàgáṣì, Ṣábẹ̀ẹ́

Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kun ún. Ọmọ yín kò parọ́, ṣùgbọ́n irú sólà tí olùkọ́ rẹ̀ ń sọ kọ́ ni ó wà lórí òrùlé yín.

Sílíkọ́ọ̀nù, ohun tí wọ́n ń yọ lára yanrìn, ni wọ́n fi ṣe tiyín. Kò nílò àwọ̀ kankan kí ó tó ṣiṣẹ́, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ń gba gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí, ó sì tún ń gba lára èyí tí ojú wa kò lè rí. Nínú ọgọ́rùn-ún ìpín agbára oòrùn tí ó bá bọ́ sórí rẹ̀, pátákó tí wọ́n ń tà lóde òní a máa sọ nǹkan bí 20 sí 22 di iná. Ohunkóhun tí ẹ bá kùn sí ojú gíláàsì rẹ̀, ì báà jẹ́ omi pòròpòrò, ì báà jẹ́ ẹrẹ̀, yóò kọ́kọ́ gba tirẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ náà kí ìyókù tó dé ọ̀dọ̀ sílíkọ́ọ̀nù. Èyí tí ó bá gbà kò sì ní ọ̀nà tí yóò fi di iná níbẹ̀. Ooru lásán ni yóò dà. Ooru kò sì bá pátákó yìí lára mu rárá, nítorí pé bí ara rẹ̀ bá ti gbóná kọjá ìwọ̀n 25 ti Celsius, agbára rẹ̀ a máa dín ní nǹkan bí ìdá 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tí ó bá gùn sí i.

Bí iná yín kì í bá pẹ́ lálẹ́, bátìrì ni kí ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí pé òun ni ó máa ń gbó ṣáájú pátákó. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wo eruku. Nígbà ọyẹ́, eruku a máa bo ojú pátákó débi pé ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ kò ní mọ̀. Àárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú, ni kí ẹ fi omi mímọ́ àti aṣọ rírọ̀ nù ún. Ẹ má da omi tútù sí i lọ́sàn-án gangan nígbà tí gíláàsì ti gbóná, kí ó má baà sán. Kí ẹ sì wò ó bóyá igi máńgòrò tí ó kéré nígbà tí wọ́n gbé sólà náà sókè ti dàgbà tí ó ń ṣíji bò ó báyìí. Ní ìlú yín níbẹ̀, apá gúúsù ni ó yẹ kí pátákó kọjú sí, kí ó tẹ̀ díẹ̀, ní ìwọ̀n bíi 10, kí òjò lè máa ṣàn kúrò lórí rẹ̀.

Ohun tí ọmọ yín gbọ́ wá ńkọ́? Ní ọdún 1991 ni Brian O'Regan àti Michael Grätzel, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Lausanne ní orílẹ̀-èdè Súwísì, fi irú sólà mìíràn han aráyé. Wọn kò lo sílíkọ́ọ̀nù. Titanium dioxide ni wọ́n lò, ìyẹn ẹ̀tù funfun tí ó ń mú kí ọ̀dà funfun àti ọṣẹ ìfọyín funfun. Ẹ̀tù yìí kò wọ́n, kì í sì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan: ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí kọjá lára rẹ̀ láìṣe é ní nǹkan kan. Ìtànṣán tí ojú wa kò lè rí, irú èyí tí ó ń jó ni lára, nìkan ni ó ń gbà, èyí kò sì ju nǹkan bí ìpín márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún agbára oòrùn lọ. Ni wọ́n bá rẹ ẹ̀tù náà sínú àwọ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ lu àwọ̀, àwọ̀ á ju ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù kan, ìyẹn horo iná tí ó kéré jù lọ, sínú ẹ̀tù funfun. Ẹ̀tù á gbé e dé ara gíláàsì. Yóò gba inú wáyà kọjá lọ ṣiṣẹ́, yóò sì yí padà wá láti ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí omi ayódíìnì yóò ti gbà á, tí yóò sì dá a padà fún àwọ̀ tí ó sọ ọ́ nù. Àwọ̀ náà á tún múra de ìmọ́lẹ̀ mìíràn.

Èrò pé àwọ̀ lè mú kí nǹkan rí ìmọ́lẹ̀ tí kò lè rí tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ti 1991 o. Àwọn onífọ́tò ti mọ̀ ọ́n láti ọdún 1873, nígbà tí Hermann Wilhelm Vogel ní Berlin rí i pé fọ́tò tí kò mọ̀ ju ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró lọ bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọ̀ ewé nígbà tí oògùn rẹ̀ ní àwọ̀ nínú.

Sólà Lausanne ọdún 1991 yẹn sọ ìpín tí ó lé ní méje nínú ọgọ́rùn-ún di iná, ṣùgbọ́n àwọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ kò ti ara ewé wá. Ruthenium, irin kan tí ó ṣọ̀wọ́n tí ó sì wọ́n, ni wọ́n fi pò ó. Ìgbà tí àwọn olùwádìí fi àwọ̀ èso blackberry dípò rẹ̀ ní 1997, ìdá 0.56 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n rí. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí ẹni ń ka owó ọjà, Ìyá wa. Lọ́sàn-án gangan, ibi tí ó gùn ní mítà kan tí ó sì fẹ̀ ní mítà kan ń gba nǹkan bí 1000 wọ́ọ̀tì láti ọwọ́ oòrùn. Pátákó bíi tiyín yóò mú 200 jáde níbẹ̀. Èyí tí wọ́n fi èso ṣe yóò mú márùn-ún tàbí mẹ́fà jáde, tí ó tó gba agbára sí fóònù kan ṣoṣo, bí oòrùn kò bá kúrò lójú kan. Wàgáṣì ni kí pòròpòrò yín máa pa láró lọ.

Olóòtú, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì àti kẹ́mísítìrì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Àjàṣẹ́. A fẹ́ fi ewéko àdúgbò ṣe sólà aláwọ̀ ní kíláàsì. A ti kó ìsápá pupa, pòròpòrò, ẹ̀lú, osùn àti ewé ẹ̀fọ́ jọ. Gbogbo àwọn ọmọ ló ń sọ pé ẹ̀lú ni yóò gbégbá orókè nítorí pé òun ni ó dúdú jù. Èwo ni kí a kọ́kọ́ lò, kí ni a sì lè ṣe tí iná rẹ̀ yóò fi pọ̀ sí i? — Olùkọ́ kan, Àjàṣẹ́

Ọ̀gá olùkọ́, ìsápá ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Ẹ fi ẹ̀lú ṣe ìkẹyìn, kí àwọn ọmọ lè fi ojú ara wọn rí i pé dúdú nìkan kọ́.

Àwọ̀ tí yóò ṣiṣẹ́ nínú sólà yìí gbọ́dọ̀ ní ọwọ́ tí yóò fi di titanium mú. Bí kò bá dì í mú, ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù tí ìmọ́lẹ̀ ta jáde lára rẹ̀ yóò padà sí àyè rẹ̀ kí ó tó rí ọ̀nà wọ inú ẹ̀tù, agbára náà á sì di ooru. Àwọ̀ ìsápá pupa ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Delphinidin àti cyanidin ni orúkọ àwọn méjì tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ní àwọn ẹ̀ka oníhydrogen àti oxygen tí wọ́n wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí wọ́n jọ ń gbá titanium mú láti ọ̀tún àti òsì. Ẹ óò rí i kedere: ẹ̀tù tí ẹ rì sínú omi pupa yóò jáde ní àwọ̀ elésè àlùkò, bí ẹ bá sì fi omi ṣàn án, kò ní ṣí. Ìyípadà àwọ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀rí pé ó ti dì í mú.

Pòròpòrò ni kí ó tẹ̀ lé e, ojú mi sì wà lára rẹ̀ ju gbogbo àwọn tó kù lọ, nítorí pé ilẹ̀ wa ni ó ti pọ̀. Apigeninidin ni ó pọ̀ jù nínú àwọ̀ rẹ̀. Ìbátan àwọ̀ ìsápá ni, ó sì fi ara da ìmọ́lẹ̀ àti ìyípadà omi kíkan jù ú lọ, ṣùgbọ́n níbi tí cyanidin ti ní ọwọ́ méjì tí wọ́n fara kan ara wọn, ọ̀kan ṣoṣo ni ó ní, nítorí náà ìdìmú rẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀. Luteolinidin, tí òun náà wà nínú ọkà bàbà ṣùgbọ́n tí kì í pọ̀ tó o nínú pòròpòrò, ní ọwọ́ méjì. Ẹ má fi káún sè é bí àwọn tí ń fẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ jáde kíákíá ṣe ń ṣe. Ọtí ilé egbòogi tí agbára rẹ̀ tó 90 tàbí 95 ni kí ẹ rẹ ẹ́ sí, kí ẹ kán ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i, nítorí pé omi tí ó kan díẹ̀ ni àwọ̀ yìí fẹ́ràn nígbà tí ó bá ń so mọ́ titanium. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò mú sódábì, ìyẹn ògógóró, wá. Omi tí ó wà nínú rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Osùn kò ní jáde nínú omi, ọtí ni yóò mú un jáde. Ní ti ewé ẹ̀fọ́, àwọn ọmọ yóò rò pé òun ni ó yẹ kí ó ṣe dáadáa jù, nígbà tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ nínú ewé ni kí ó máa gba oòrùn. Ṣùgbọ́n chlorophyll, ìyẹn àwọ̀ tútù inú ewé, kò ní ọwọ́. Ìrù gígùn olóròóró ni ó ní, àwọn èròjà mìíràn nínú ewé ni wọ́n sì ń gbé e ró sí àyè rẹ̀. Bí a bá yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ tí a dà á sórí titanium, kò rí nǹkan dì mú.

Ẹ̀lú wá ńkọ́? Àwọn aláró mọ̀ pé aró kì í yọ́ nínú omi lásán. Eérú ni wọ́n fi ń sọ ọ́ di omi nínú ìkòkò, aṣọ tí wọ́n bá yọ jáde nínú rẹ̀ á jẹ́ àwọ̀ ewé díẹ̀, lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ yóò sọ ọ́ di dúdú. Nígbà tí ó bá dúdú tán, ó há sínú òwú ni, kò so mọ́ ọn. Há tí ó há yẹn tó fún aṣọ. Kò tó fún sólà.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò le, àfi ohun méjì tí ẹ kò lè rí lọ́jà Wàndó. Àkọ́kọ́ ni gíláàsì tí ojú rẹ̀ kan ń gbé iná. Gíláàsì fèrèsé kò lè ṣe é, ẹ ó ní láti béèrè fún un lọ́wọ́ àwọn tí ń ta irinṣẹ́ yàrá ìwádìí. Èkejì ni ẹ̀tù titanium tí ó lẹ́bú gan-an. Ẹ má gbìyànjú ọ̀dà funfun, nítorí pé àwọn èròjà tí ó ń mú un lẹ̀ mọ́ ògiri yóò dí gbogbo ihò tí àwọ̀ ìbá gbà wọlé.

Ẹ po ẹ̀tù náà pẹ̀lú omi àti ọtí kíkan díẹ̀ títí yóò fi rí bí ọ̀dà tí kò ki. Ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ etí gíláàsì ní ojú tí ó ń gbé iná, ẹ da ìpo náà sáàárín, kí ẹ sì fi ọ̀pá gíláàsì fà á tẹ́jú ní ẹ̀ẹ̀kan. Bí ó bá gbẹ, ẹ yọ sẹ́lótéèpù, kí ẹ sì gbé e sórí iná títí ooru rẹ̀ yóò fi tó nǹkan bí ìwọ̀n 450 ti Celsius. Níbi yìí ni kí ẹ ní kí àwọn ọmọ wò dáadáa: funfun náà á kọ́kọ́ di àwọ̀ ilẹ̀, bí ẹni pé ó ti jóná, lẹ́yìn náà ni yóò tún padà funfun. Ìgbà tí ó bá funfun lẹ́ẹ̀kejì ni ó jinná. Ẹ jẹ́ kí ó tutù díẹ̀díẹ̀ lórí ibẹ̀, nítorí pé gíláàsì tí a bá já kúrò lórí iná lójijì yóò fọ́. Èédú alágbẹ̀dẹ ti gbóná jù, yóò ká gíláàsì pọ̀.

Ẹ rì í sínú àwọ̀ níbi tí kò sí ìmọ́lẹ̀, ẹ ṣàn án, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ. Ẹ fi pẹ́ńsùlù ìkọ̀wé lásán pa ojú tí ó ń gbé iná lára gíláàsì kejì títí èédú rẹ̀ yóò fi bò ó. Ẹ kọjú àwọn méjèèjì síra, kí ẹ yẹ̀ wọ́n díẹ̀ kí etí kọ̀ọ̀kan lè yọ síta fún wáyà, ẹ fi ohun ìdìmú bébà há wọn pọ̀, kí ẹ sì kán omi ayódíìnì sáàárín wọn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú; ayódíìnì kì í tètè kúrò lára ẹ̀wù ilé-ìwé, ìyá wọn yóò sì dárúkọ yín.

Bí ẹ bá gbé e sí oòrùn, ẹ óò rí nǹkan bí 0.3 sí 0.5 fólítì. Ẹ má fi fólítì nìkan ṣe ìdájọ́ o. Titanium àti ayódíìnì ni wọ́n ń pinnu púpọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà ìsápá àti ẹ̀lú lè súnmọ́ ara wọn níbẹ̀. Bí iná ṣe ń ṣàn tó, ìyẹn áńpíà, ni yóò ya ewéko kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ẹ ṣe ọ̀kan tí kò ní àwọ̀ rárá mọ́ wọn, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ̀tù funfun ń dá ṣe.

Ní ti pé kí iná pọ̀ sí i, ẹ kọ́kọ́ wo bí ẹ̀tù ti nípọn tó lórí gíláàsì: nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá bébà ìwé àkọsílẹ̀ ni ó dára. Nítorí pé ẹ̀tù náà lẹ́bú tí ó sì kún fún ihò, ojú tí àwọ̀ lè so mọ́ nínú rẹ̀ fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlọ́po ju ojú gíláàsì lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá nípọn jù, ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù á máa sọnù lójú ọ̀nà. Ṣúgà náà jẹ́ ìdènà. Òun ni ó ń gba àyè lọ́wọ́ àwọ̀ lára titanium, nítorí náà òdòdó ìsápá gbígbẹ ni kí ẹ rẹ fúnra yín. Bísáàpù tí wọ́n ti pò mọ́ ṣúgà àti jíńjà fún títà, ẹ̀yin àti àwọn ọmọ ni kí ẹ mu ún. Ẹ lè dán àwọ̀ méjì wò papọ̀, torí ohun tí ọ̀kan kò gbà nínú ìmọ́lẹ̀, èkejì lè gbà á, àmọ́ nígbà mìíràn ńṣe ni wọ́n máa ń bá ara wọn du àyè. Bí ẹ bá so márùn-ún pọ̀ ní ìtẹ̀léra, orí ọ̀kan mọ́ ìdí èkejì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 0.4, ẹ óò rí fólítì méjì, iná pupa kékeré tí ó wà lára rédíò yóò sì tàn fẹ́ẹ́rẹ́.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀, omi inú rẹ̀ á gbẹ, oòrùn á sì ti jẹ lára àwọ̀ náà. Ẹ ṣe é lọ́sẹ̀ tí àwọn òbí ń bọ̀, kì í ṣe lọ́sẹ̀ tí ó ṣáájú rẹ̀.

Àgbẹ̀ ni mí ní Kétu. Ẹnìkan sọ fún mi pé àwọn tí ń ṣe sólà yóò máa wá ra ìsápá, pé kí n fi hẹ́kítà kan nínú oko àgbàdo mi gbìn ín. Ṣé òótọ́ ni? — Àgbẹ̀, Kétu

Ẹ fi àgbàdo yín sílẹ̀. Àwọn sólà aláwọ̀ tí wọ́n wà níta báyìí, bí irú èyí tí wọ́n fi ṣe ògiri gíláàsì ilé ìpàdé ńlá tí wọ́n ṣí ní Lausanne ní 2014, àwọ̀ tí wọ́n pò ní yàrá ìwádìí ni ó wà nínú wọn, kì í ṣe ti oko. Ká tilẹ̀ ní wọ́n fẹ́ ti oko, ibi tí ó gùn ní mítà kan tí ó sì fẹ̀ ní mítà kan kò gba ju nǹkan bí gíráàmù kan àwọ̀ tí ó mọ́ lọ. Ìwọ̀nba ìsápá tí ẹ ń gbìn sí etí oko fún ọbẹ̀ àti bísáàpù ti tó gbogbo ilé-ìwé tí ó wà ní Kétu lò. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wá ra, iye tí ẹ ń tà á fún oníbísáàpù ni kí ẹ tà á fún un.